Bí a ṣe ń dán àbá wò lórí ìpín àwùjọ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a ó máa lò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí nọ́ńbà má baà da òǹkàwé rú. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọjà ńlá kan wà, tí alága ọjà náà sọ fún ilé ìfowópamọ́ kan pé nínú gbogbo oníṣòwò tó ní ìsọ̀ níbẹ̀, ìdá 60 nínú 100 ló ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà nípasẹ̀ tiransifá. Ilé ìfowópamọ́ náà rán àwọn aṣèwádìí lọ. Wọ́n bá 400 oníṣòwò sọ̀rọ̀, 216 nínú wọn sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àfinúrò ni ọjà yìí àti àwọn nọ́ńbà rẹ̀; ibi tí a bá ti mẹ́nu kan ìwádìí tó wáyé ní tòótọ́, a ó sọ ọdún rẹ̀ àti ibi tó ti wáyé.

Kí ló dé tí a kò fi ní kàn sọ pé 54 kì í ṣe 60, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀?

Lóòótọ́, bí a bá pín 216 sí 400, 0.54 ni a ó rí, ìyẹn ìdá 54 nínú 100. Ṣùgbọ́n àwọn 400 yìí kì í ṣe gbogbo ọjà. Ká ní àwọn 400 mìíràn ni a bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí a rí 229 tàbí 243 tí yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti fi kóńgò kan náà bu ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì nínú àpò kan náà mọ̀ pé iye èyí tí kòkòrò ti jẹ nínú kóńgò àkọ́kọ́ kì í sábà bá ti ìkejì dọ́gba, bẹ́ẹ̀ sì ni àpò náà kò yí padà. Èèṣì ló mú ìyàtọ̀ náà wá. Ohun tí dídán àbá wò ń béèrè ni pé: bí ọ̀rọ̀ alága bá jẹ́ òótọ́, ṣé èèṣì nìkan lè gbé wa jìnnà tó báyìí sí 60?

Kí ni à ń pè ní àbá ìpìlẹ̀ àti àbá alátakò?

Àbá ìpìlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rí lè bì í ṣubú. Níhìn-ín, òun ni pé p jẹ́ 0.60, tí p dúró fún ìpín gbogbo oníṣòwò ọjà náà tó ń gba tiransifá. Àbá alátakò ni pé p kì í ṣe 0.60. Ìpín tí a rí láàárín àwọn 400 ní àmì tirẹ̀: àwọn oníṣirò máa ń dé fìlà fún un, p̂, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún p tí kò dé fìlà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí wọ́n kọ 0.54 sínú àbá. Kò sí ohun tí a fẹ́ dán wò nípa 0.54; a ti kà á, a ti mọ̀ ọ́n. Ọjà lápapọ̀ ni àbá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Báwo ni ìṣirò náà ṣe ń lọ?

A kọ́kọ́ ní láti mọ bí èèṣì ṣe lè ti èsì síwájú sẹ́yìn tó, bí àbá ìpìlẹ̀ bá jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwọ̀n èèṣì. A ó sọ 0.60 di púpọ̀ pẹ̀lú 0.40, yóò di 0.24. A ó pín 0.24 sí 400, yóò di 0.0006. Lẹ́yìn náà ni a ó wá gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, 0.0006 ni yóò fún wa. Nọ́ńbà náà ni 0.0245.

Ní báyìí, a ó yọ 0.60 kúrò nínú 0.54, yóò ku −0.06, a ó sì pín in sí 0.0245. Ohun tí a rí ni −2.45, èyí tí à ń pè ní iye z. Ó ń sọ fún wa pé èsì wa fi nǹkan bí ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ìwọ̀n èèṣì jìnnà sí ohun tí alága sọ. Láti mọ bí irú ìjìnnà bẹ́ẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó, a ó lọ sídìí ìlà tó rí bí agogo, tí oníṣirò Abraham de Moivre ti fi hàn láti ọdún 1733 pé ó súnmọ́ irú kíkà báyìí bí iye èèyàn bá ti pọ̀. Nínú Excel, ẹni tó bá tẹ =2*NORM.S.DIST(-2.449,TRUE) yóò rí 0.0143. Èyí ni iye p.

Ẹ kíyè sí i pé 0.60 ni a lò láti ṣírò ìwọ̀n èèṣì, a kò lo 0.54, nítorí pé a ń gba àbá ìpìlẹ̀ gbọ́ fún ìgbà díẹ̀ ká lè rí ibi tí yóò já sí. Bí ó bá jẹ́ pé ààlà tí p lè wà láàárín rẹ̀ ni a ń wá, 0.54 ni a ó lò: ìwọ̀n èèṣì yóò di 0.0249, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.96 (nọ́ńbà tí ìlà agogo náà fún wa fún ìdánilójú 95%), ààlà náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti 49.1% dé 58.9%. 60% kò sí nínú rẹ̀.

Kí gan-an ni iye p ń sọ?

Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dàrú mọ́ èèyàn lójú, nítorí iye p kì í ṣe p tó jẹ́ ìpín. Ohun tó ń sọ ni pé: bí ìpín gbogbo ọjà bá jẹ́ ìdá 60 lóòótọ́, tí a sì tún ìwádìí yìí ṣe lọ́nà kan náà nígbà 1,000, nǹkan bí ìgbà 14 péré ni a ó rí èsì tó jìnnà sí 60 tó báyìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀.

Kò sọ pé ó ku ìgbà 14 nínú 1,000 kí ọ̀rọ̀ alága jẹ́ òótọ́. Mo ti rí àṣìṣe yìí nínú ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí náà kò yẹ kó ti ẹnikẹ́ni lójú pé òun náà ti ṣe é rí. Iye p kò sì sọ bóyá ìyàtọ̀ náà tóbi tó láti kà sí. Ìdá 6 nínú 100 ni ìyàtọ̀ ọjà yìí. Bóyá ìyẹn tó kí ilé ìfowópamọ́ yí ètò rẹ̀ padà, ọwọ́ ilé ìfowópamọ́ náà fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wà, kò sí lọ́wọ́ oníṣirò.

Ta ló ní kí iye p kéré sí 0.05 kí a tó ta àbá ìpìlẹ̀ nù?

Ronald Fisher, oníṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1925 pé ìgbà kan nínú 20, ìyẹn 0.05, rọrùn láti lò gẹ́gẹ́ bí ààlà. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn ni, kì í ṣe òfin. Àwọn oníṣirò méjì, Jerzy Neyman àti Egon Pearson, ló wá fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ lọ́nà mìíràn ní 1933: kí olùwádìí fúnra rẹ̀ pinnu ṣáájú iye ìgbà tó lè fara mọ́ pé òun yóò ta àbá òtítọ́ nù. Ẹni tó bá ń dán oògùn wò lè má fara mọ́ ju ìgbà kan nínú 100 lọ.

Dídán ìpín wò ti wà ṣáájú gbogbo wọn o. Ní ọdún 1710, dókítà kan tó ń jẹ́ John Arbuthnot wo ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi àwọn ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1629 dé 1710. Nínú ọdún méjìlélọ́gọ́rin náà, kò sí ọ̀kan tí ọmọkùnrin kò fi pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Ó ṣírò pé bí ó bá jẹ́ pé ọgbọọgba ni àǹfààní ọdún akọ àti ọdún abo, kí ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdajì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lọ́nà 82, tó kéré débi tí kò ṣeé fọkàn rò. Ó ta àbá ìdọ́gba nù, ó sì fi ògo fún Ọlọ́run.

Ìdánwò olójú kan tàbí olójú méjì, èwo ni ká lò?

Olójú méjì ń ṣọ́ òkè àti ìsàlẹ̀. Olójú kan ń ṣọ́ apá kan péré. Bí ilé ìfowópamọ́ náà bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde pé ohun tí àwọn ń bẹ̀rù ni pé ìpín náà lè kéré sí 60, wọ́n lè lo olójú kan, iye p yóò sì di 0.007. Àmọ́ bí wọ́n bá ti rí 54 kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n dà bí ẹni tó dúró kí bọ́ọ̀lù parí kó tó lọ ta tẹ́tẹ́.

Bí a kò bá lè ta àbá ìpìlẹ̀ nù, ṣé a ti fi hàn pé òótọ́ ni?

Rárá. Ká ní 100 oníṣòwò péré ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, tí 54 sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ìpín náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n èèṣì ti di 0.049, z ti di −1.22, iye p sì ti di 0.22. Kò sí ẹni tó lè fi èyí ta ọ̀rọ̀ alága nù. Kò sì sí ẹni tó lè fi í gbè é lẹ́yìn, nítorí nǹkan bí 44% dé 64% ni ààlà wa báyìí. Ẹ̀rí ni kò tó. Ẹni tí ilé ẹjọ́ tú sílẹ̀ nítorí àìsí ẹ̀rí kò gba ìwé pé òun ò ṣe nǹkan náà.

Ṣé bí èèyàn bá ti pọ̀ tó, èsì yóò tọ̀nà?

Ibi tí owó àti orúkọ ń ṣòfò sí jù lọ nìyí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá wa dé 1936. Lọ́dún náà, Franklin Roosevelt àti Alf Landon ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn Literary Digest fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 sì dá a padà. Nínú àwọn tó dáhùn, 57% ní Landon ni àwọn yóò dìbò fún.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò bí a ṣe dán ti ọjà wò. Àbá ìpìlẹ̀ ni pé ọgbọọgba ni wọ́n, 0.50. Ìwọ̀n èèṣì fún mílíọ̀nù 2.4 èèyàn jẹ́ nǹkan bíi 0.0003. Ìyàtọ̀ jẹ́ 0.07. Iye z ti ju 200 lọ! Ní ọjà wa, 2.45 péré ti tó láti mú wa ṣiyèméjì sí alága. Níhìn-ín, kò sí tábìlì ìṣirò kan láyé tó ní àyè fún 200. Nígbà tí wọ́n dìbò tán, Roosevelt mú nǹkan bí ìdá 61 nínú 100, Landon sì rí ìpínlẹ̀ méjì péré mú nínú 48, Maine àti Vermont.

Ìṣirò kọ́ ló ṣì wọ́n lọ́nà. Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti àwọn tó forúkọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ jọ, nígbà tí ọ̀dá owó ṣì mú gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ẹni tó ní ọ̀kan nínú méjèèjì sì rí jájẹ ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin tó gba káàdì kò dá a padà, àwọn tó dáhùn kò sì jọ àwọn tó dákẹ́. George Gallup, tí òun náà ń wádìí èrò àwọn olùdìbò, tí iye èèyàn tó lò sì jẹ́ nǹkan bíi 50,000, sọ pé Roosevelt ni yóò wọlé. Literary Digest kógbá sílé ní 1938. Iye p tó wúlò kò lè jáde nínú orúkọ tí a kó jọ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí odo pọ̀ tó lẹ́yìn rẹ̀.

Báwo wá ni ká ṣe yan àwọn èèyàn nínú ọjà?

Kí a ṣẹ́ gègé ni. Ọ̀pọ̀ ọjà ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ilẹ̀kùn ìsọ̀. Kí a kó gbogbo nọ́ńbà náà jọ, kí kọ̀ǹpútà mú èyí tí a nílò láìwo ojú ẹnikẹ́ni, kí aṣèwádìí sì lọ sí ìsọ̀ tí gègé bá mú, ì báà wà lẹ́yìn ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ìdọ̀tí. Aṣèwádìí tí oòrùn ń pa fẹ́ràn àwọn ìsọ̀ ẹnu géètì, ibẹ̀ sì ni àwọn aláṣọ àti àwọn tó ń ta fóònù sábà máa ń wà, àwọn tó ti mọ́ lára láti gba tiransifá.

Bí ìsọ̀ tí gègé mú bá tì pa, kí a padà lọ lọ́jọ́ mìíràn, ká má ṣe fi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ́pò. Bí ó bá jẹ́ ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ẹni tó lọ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà yóò bá àwọn onísọ̀ ojoojúmọ́ nìkan, yóò sì máa rò pé òun ti rí ọjà. Àwọn tó pàtẹ sílẹ̀ àti àwọn tó ń kiri kò sí nínú ìwé nọ́ńbà ìsọ̀ rárá. Nítorí náà, èsì wa kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan nípa wọn.

Ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè náà tún ń bẹ. "Ṣé ẹ máa ń gba tiransifá?" kò dúró sójú kan. Ìyá aláta kan lè dáhùn pé, "Rárá o, èmi ò ní àkáǹtì," nígbà tí ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í ti ń gba owó oníbàárà sórí fóònù tirẹ̀ láti àárọ̀. Mo fara mọ́ ọn kí a bi í pé: "Ìyá, láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé oníbàárà kankan fi tiransifá san owó ọjà tí ẹ tà, yálà sí àkáǹtì yín tàbí ti ẹlòmíràn?"

Bí a bá mú odindi ìlà ìsọ̀ dípò ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣé ìṣirò náà kò yí padà?

Ó yí padà gan-an. Ká sọ pé láti dín ìrìn kù, wọ́n ṣẹ́ gègé mú 20 ìlà, wọ́n sì bá 20 oníṣòwò sọ̀rọ̀ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. 400 náà ni. Ṣùgbọ́n ìlà ẹlẹ́ja ni ìlà ẹlẹ́ja, ìlà aláṣọ ni ìlà aláṣọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìdáhùn ẹni mẹ́ta nínú ìlà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tí ìkẹrin yóò sọ. Bí ìjọra ìdáhùn láàárín ìlà kan bá tó nǹkan bíi 0.05 péré lórí òṣùwọ̀n tó ti 0 lọ dé 1, a ó sọ 0.05 di púpọ̀ pẹ̀lú 19, a ó fi 1 kún un, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di 2. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìmọ̀ tó wà nínú 400 yìí kò ju ti 200 tí a yàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ. Ìwọ̀n èèṣì yóò di 0.0346, z yóò di −1.73, iye p yóò sì di 0.083. Ọ̀rọ̀ alága tí a ti fẹ́ sọ nù tún padà dìde.

Kì í ṣe àlá. Ìwádìí Demographic and Health Survey (nípa iye èèyàn àti ìlera) tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2018 kọ́kọ́ mú 1,400 àdúgbò, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú 30 agbo ilé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi hàn pé ìdá 39 nínú 100 ìbímọ ló wáyé ní ilé ìwòsàn, nígbà tí ti 2013 jẹ́ ìdá 36. Ẹni tó bá fẹ́ dán wò bóyá ìpín náà gòkè lóòótọ́, tó wá kàn fi iye gbogbo ìbímọ náà sínú ìṣirò tí a ṣe lókè, yóò rí z tó ga ju bó ti yẹ lọ. Ìròyìn ìwádìí náà ní àfikún kan lẹ́yìn tó ń fi ìwọ̀n èèṣì tó tọ́ hàn. Ọ̀pọ̀ kì í ṣí ìwé náà dé ibẹ̀.

Bí àwọn èèyàn wa bá kéré ńkọ́?

Ìlà onírìísí agogo ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí iye bẹ́ẹ̀ ni àti iye rárá tí à ń retí lábẹ́ àbá ìpìlẹ̀ bá tó 10 ó kéré tán. Nínú àpẹẹrẹ wa, 240 àti 160 ni, kò sí ìṣòro. Bí ó bá jẹ́ ẹni 10 péré, tí àbá sì jẹ́ ìdajì, kí a kà á ní tààrà: kí ẹni 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ 56 nínú 1,024, ìyẹn 0.055 fún olójú kan.

Ọjà wa kéré, ẹgbẹ̀rún kan ìsọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ṣé ìyẹn kàn wá?

Ó kàn yín. Bí ẹ bá ti bá 400 nínú 1,000 sọ̀rọ̀, ẹ ti mọ púpọ̀ nínú ọjà náà. Ẹ pín 600, iye àwọn tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, sí 999 (1,000 tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀), kí ẹ wá gbòǹgbò ohun tí ẹ rí, ìyẹn 0.775; ẹ fi í sọ ìwọ̀n èèṣì di púpọ̀, yóò di 0.019, z yóò sì di −3.16.

Èèyàn mélòó ló yẹ ká bá sọ̀rọ̀?

Bí ẹ kò bá fẹ́ ju ìdá 5 nínú 100 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ní ìdánilójú 95%, 385 ni. Fún ìdá 3, 1,068. Ẹ fi kún un bí ẹ bá ń mú odindi ìlà.

Kí nìdí tí R, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, fi fún mi ní 0.0165 dípò 0.0143?

Nítorí pé prop.test, àṣẹ tí R fi ń dán ìpín wò, máa ń yọ ìdajì ẹni kan kúrò nínú ìyàtọ̀ náà láìbéèrè lọ́wọ́ yín, láti fi ṣe àtúnṣe fún fífi ìlà tó ń ṣàn dípò iye èèyàn tí a ń kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ correct=FALSE, ẹ ó rí 0.0143. Méjèèjì ló tọ́. Kí ẹ ṣáà sọ èyí tí ẹ lò.

A béèrè ogún nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ṣé a lè dán gbogbo rẹ̀ wò?

Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n bí gbogbo ogún àbá náà bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, tí ìdáhùn wọn kò sì gbára lé ara wọn, ó tó 64% pé ọ̀kan ó kéré tán yóò fún yín ní iye p tó kéré sí 0.05. Ẹ kọ gbogbo ogún náà sínú ìròyìn, ẹ má ṣe mú èyí tó dùn nìkan.

Báwo ni ká ṣe kọ èsì náà?

Kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ká sọ pé 430 ìsọ̀ ni gègé mú, tí a kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní 30. Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Láti inú ìwé nọ́ńbà ìsọ̀ ọjà náà, a fi gègé mú 430 ìsọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A rí oníṣòwò bá sọ̀rọ̀ ní 400. A lọ sí 30 yòókù lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tì pa. 216 nínú 400 (54%, ààlà 95%: 49.1% dé 58.9%) gba owó nípasẹ̀ tiransifá láàárín ọjọ́ méje tó ṣáájú ìwádìí. Ìdánwò olójú méjì fún àbá pé ìpín náà jẹ́ 60% fún wa ní z = −2.45, iye p = 0.014. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo 30 ìsọ̀ tó tì pa ló ń gba tiransifá, ìpín náà yóò di 57.2%, iye p yóò di 0.24, a kò sì ní lè ta ọ̀rọ̀ alága nù."